Bébà olójú-ewé mẹ́rin: sí ẹ̀yin àbúrò mi tó fẹ́ ṣe Operating Systems

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìmúra sáà tuntun. Lẹ́yìn ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa lóṣù tó kọjá, mẹ́ta nínú yín fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní olùkọ́ ti pín ìwé òfin Operating Systems (ẹ̀kọ́ nípa ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) fún yín, pé òfin inú rẹ̀ ti le jù, àfi bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yege. Mo ní n óò kọ èsì mi sílẹ̀. Òun nìyí.

Wọ́n pín irú ìwé yẹn fún àwa náà. Bébà olójú-ewé mẹ́rin ni. Málàm là ń pe olùkọ́ wa; ọmọ Hausa ni wọ́n, wọn kì í gbé ohùn sókè, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í yẹ̀. Ó wà nínú bébà náà pé iṣẹ́ mẹ́rin la máa ṣe láàárín sáà. Pé ọjọ́ mẹ́rin péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi pẹ́, kó pín in bó ṣe wù ú. Pé a lè jọ jíròrò, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò gbọdọ̀ wo kóòdù ẹnì kejì. Pé wọ́n á pe kálukú wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lójúkojú. Mo sáré fojú gbá a lọ, mo sì tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Mo rò pé ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tó yé mi lẹ́yìn náà ni pé irú àṣìṣe tó máa ń wà nínú iṣẹ́ yìí gan-an ló bí àwọn òfin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ ṣàlàyé rẹ̀.

Ká ní ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jọ ń gba owó àjọ sínú ìwé kan ṣoṣo. Ìyá mi wo ìwé, wọ́n rí 7,000 náírà. Kí wọ́n tó kọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi náà ti wo ìwé, òun náà rí 7,000. Ìyá mi fi 1,000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kún un, wọ́n kọ 8,000. Ẹ̀gbọ́n mi fi 1,000 tirẹ̀ kún 7,000 tó ti rí tẹ́lẹ̀, òun náà kọ 8,000 lé e. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló wọlé, ẹgbẹ̀rún kan ló hàn nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ kò sí olè láàárín wọn. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí thread méjì (ìyẹn okùn iṣẹ́ méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan) bá ń ṣe counter++, àṣẹ tó ń fi ọ̀kan kún iye kan, lórí ààyè kan náà nínú mẹ́mọ́rì. Lójú yín, ìlà kan ni. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni: ó gbé iye náà wá, ó fi ọ̀kan kún un, ó dá a padà. Thread kejì lè já wọ àárín ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn nígbàkigbà. Ẹ wá wo lock, ohun tí thread kan ṣoṣo lè mú dání lẹ́ẹ̀kan, bíi bírò kan ṣoṣo tí a so mọ́ ìwé àjọ. Ẹni tí bírò kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ìwé rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di "wo" yẹn mú dáadáa. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú lock kí wọ́n tó kọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kà á kí wọ́n tó mú un.

Èyí tó wá le jù ni pé àṣìṣe yìí kì í fara hàn nígbà gbogbo. Mo rántí alẹ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ti bo kíbọ́ọ̀dù mi, ètè mi ti là. Thread méjì, kálukú ń kà dé 100,000. 200,000 ló yẹ kó jáde. Mo ṣí i, 200,000. Mo tún ṣí i, 200,000. Mo ti fẹ́ pa láàpútóòpù dé, ni ọkàn mi bá ní kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i: 163,418. Oorun dá lójú mi. Mo fi printf, àṣẹ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sójú iboju, sínú rẹ̀ kí n lè rí ibi tó ti ń bàjẹ́, àṣìṣe náà pòórá. Mo yọ printf kúrò, ó padà dé. Títẹ ọ̀rọ̀ sójú iboju máa ń fa thread sẹ́yìn díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ti tó láti mú kí àwọn méjèèjì má ṣalábàápàdé nídìí ìwé mọ́. Aago mẹ́ta òru ni, aago méjìlá ọ̀sán la sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún iṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ lè má ju igba ìlà lọ. Kíkọ rẹ̀ kọ́ ló ń gba àkókò. Àṣìṣe tó bá ń yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta, tàbí lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, àfi kéèyàn ṣọ́ ọ.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń bá. Ọkọ̀ Mars Pathfinder tí NASA rán lọ sí Mars balẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1997. Kò pẹ́ sígbà náà tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀, tó sì ń tan ara rẹ̀ padà. Iṣẹ́ kékeré kan (ipò ni mo ń sọ, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn) tó ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ ló mú lock dání. Iṣẹ́ ńlá kan ń dúró dè é. Iṣẹ́ àárín kan wá ń gba ẹ̀rọ mọ́ kékeré lọ́wọ́, kékeré kò wá ráyè jọ̀wọ́ lock, ńlá náà kò sì lè tẹ̀ síwájú. Àwọn tó ṣe é ti rí irú pípa-àti-títan yẹn nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò kó tó kúrò láyé, ṣùgbọ́n wọn kò rí i mú kó tún ṣẹlẹ̀. Láti ayé níbí ni wọ́n ti tan priority inheritance fún un, ìyẹn ni pé ẹni kékeré tó mú lock dání á jogún ipò ẹni ńlá tó ń dúró dè é, títí tó fi máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ó bá a pàdé nígbà tí ẹ bá dé orí scheduler, apá tó ń yan iṣẹ́ tó kàn. Ẹ má ṣe fò ó.

Ní ti ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mo ná mẹ́ta lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, torí pé mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Nígbà tó dé orí iṣẹ́ kẹta, tó jẹ́ ti virtual memory (bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí mẹ́mọ́rì bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni), táífọ́ọ̀dù dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kan ló kù fún mi. Mo lọ bẹ Málàm, wọ́n kí mi kú àìsàn, wọ́n béèrè bóyá mo ti ń jẹun, wọ́n sì ní torí àìsàn gan-an làwọn ṣe fún wa ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ má fi ọwọ́ kan ọjọ́ mẹ́rin yẹn lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ pé máàkì méjì máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àdàkọ ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Iṣẹ́ kejì jẹ́ ti ẹni méjì-méjì: kí a kọ shell kékeré kan, ètò tó ń gba àṣẹ tí èèyàn tẹ̀, tó sì ń mú un ṣẹ. Èmi kọ apá tó ń ka ohun tí èèyàn tẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kọ apá fork (tí ètò kan fi ń bí ètò ọmọ) àti wait (tí òbí fi ń dúró de ọmọ). Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí Málàm pè mí, wọ́n ní kí n ṣàlàyé fork. Mo ní a pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn lẹ́ẹ̀méjì: ó fún ọmọ ní 0, ó fún òbí ní nọ́ńbà ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n sórí bí orin. Wọ́n wá fi ìka bo ìlà wait lójú iboju, wọ́n ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Mo dákẹ́. Fáànù ń yí lókè, mo ń gbọ́ ọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọmọ náà á di zombie. Ó dà bí òkú tó wà ní mọ́ṣúárì tí ẹbí kò tíì wá fọwọ́ sí: ẹ̀mí ti kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, ó ń gba ààyè. Ọ̀rẹ́ mi ì bá ti dáhùn rẹ̀ kó tó mí èémí kejì. Ìlà tí èmi náà fi orúkọ mi sí ni, n kò sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Òdo ni mo gbà ní abala yẹn.

Látọjọ́ náà, bí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá kọ apá tirẹ̀ tán, màá pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ tèmi, màá tún un kọ fúnra mi kí n tó dà á pọ̀. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀.

Bí ẹ bá ń rò pé ẹ lè yí orúkọ variable (orúkọ tí ẹ fún iye inú kóòdù) padà kí olùkọ́ má mọ̀, MOSS, tó ń fi kóòdù wé kóòdù, ti wà láti ọdún 1994, kò sì ka orúkọ variable sí nǹkan kan. Ti ChatGPT náà, ẹ ka ohun tí ìwé òfin tiyín sọ. Ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín kọ ohun tí ẹ rò pé ó fa àṣìṣe sínú ìwé kí ẹ tó bi í, torí orí bébà lẹ ó ti ṣe ìdánwò.

Ẹ máa commit, ìyẹn kí ẹ fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín pamọ́, lálaalẹ́ kí ẹ sì máa gbé e kúrò lórí láàpútóòpù. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe. Repo náà, ibi tí ẹ ń kó kóòdù sí, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, torí ẹni tí ẹ jẹ́ kó rí kóòdù yín ti mú ẹ̀yin náà rú òfin. Bí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí olùkọ́, ẹ má ya àwòrán iboju kí ẹ wá sọ pé "Sà, kò ṣiṣẹ́." Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, ohun tí ẹ rí, àti ohun tí ẹ ti gbìyànjú. Ìgbà méjì ni mo rí ìdáhùn níbi tí mo ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kò sì fi ránṣẹ́ mọ́.

Nídìí mai shayi tó wà lẹ́yìn hóstẹ́ẹ̀lì wa la ti ń jíròrò nígbà náà. Tíì gbígbóná, búrẹ́dì, ẹyin, a ó máa ya àpótí àti ọfà sórí bébà: thread yìí ń dúró de ìyẹn, ìyẹn ń dúró de èyí. Bí a bá ti ń dìde, a ó fa bébà náà ya, kálukú á lọ sùn, ilẹ̀ á mọ́ kó tó kọ tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú orí láàárọ̀ ló ti yé èèyàn. Mo wà nílé ní Kubwa lọ́sàn-án gbogbo Sátidé títí sáà yín fi máa parí. Ẹ mú bébà àti bírò dání, kí ẹ fi láàpútóòpù sílé.