Bàtà Ọmọ Kan ní Ẹ̀bá Ọ̀nà Leipzig

Ọjọ́ Àìkú, aago mọ́kànlá alẹ́, Hamburg

Oorun ò tíì kùn mí. Eré tí mo wò lálẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, torí bí mo bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, wàhálà ibẹ̀ á gbé e kúrò lọ́kàn mi.

Ìyá àgbà tí ilé wọn fara ti tèmi ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ orin Tatort, eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n Jámánì. Lọ́pọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí ìròyìn aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti parí, tó di mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orin yẹn á la ògiri kọjá sí mi: ìlù tó ń sáré, fèrè tó ń ké lé e lórí. Klaus Doldinger ló kọ ọ́ ní 1970, òun náà ni wọ́n ṣì fi ń ṣí eré náà dòní. Ojú ọkùnrin kan á yọ, àmì bí ẹni ń wo ẹran láti ẹnu ìbọn á yí i ká, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á máa sá lọ lórí ilẹ̀ tó rin fún omi. Òṣèré kan náà ló ni ojú, òun ló ni ẹsẹ̀, Horst Lettenmayer.

Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni orúkọ eré náà túmọ̀ sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n agbègbè tó para pọ̀ di ARD ló ń ṣe é, kálukú pẹ̀lú ọlọ́pàá tirẹ̀, ní ìlú tirẹ̀. Bí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀ ní Cologne, tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè jẹ́ ti Munich, ó lè jẹ́ ti Vienna pàápàá, torí àwọn ará Austria náà ń bá wọn ṣe é. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Etí mi ti ń mọ bí èdè wọn ṣe ń yí láti ìlú dé ìlú, bí ẹnu Ìjẹ̀bú ṣe yàtọ̀ sí ẹnu Èkìtì.

Àkọ́kọ́ pátápátá ni mo wò lónìí, "Taxi nach Leipzig", tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1970. Olùkọ́ èdè Jámánì wa ló ní kí n wá a.

Wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kékeré kan ní ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, nítòsí Leipzig. Jámánì méjì ló wà nígbà náà, ti Ìwọ̀-Oòrùn àti ti Ìlà-Oòrùn. Odi Berlin ti wà nílẹ̀ láti 1961, ará Ìwọ̀-Oòrùn tó bá sì fẹ́ fi mọ́tò lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Berlin, àárín ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn ni yóò gbà kọjá, lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, kò sì gbọdọ̀ yà. Ta ló wá ni òkú ọmọ yìí? Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Bàtà Ìwọ̀-Oòrùn ni.

Ibẹ̀ ni mo ti dá eré náà dúró. Bàtà wà lórí tábìlì mi níwájú kọ̀ǹpútà, bàtà Tóbi ọmọ mi, nọ́ńbà 31, aláwọ̀ búlúù, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo rà á. Màmá mi ló gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi bírò tọ ẹsẹ̀ náà yí ká, wọ́n gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Níbi ọmọ-ìka, ìlà bírò wọ́ kúrò lójú ọ̀nà, torí bírò ń rìn ín lẹ́sẹ̀, Tóbi sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà mú rúlà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi wọn inú bàtà, mo sì fi díẹ̀ kún un, torí ẹsẹ̀ á ti gùn sí i kí ẹrù tó dé ilé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè tẹ eré náà kó máa lọ.

Àwọn ará Ìlà-Oòrùn ti kọ́kọ́ bẹ àwọn ti Ìwọ̀-Oòrùn pé kí wọ́n bá àwọn wádìí, kò pẹ́ tí wọ́n tún ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Trimmel, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Hamburg níbí, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, kò fi sílẹ̀. Ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Berlin, ó wọ takisí lọ sí Leipzig. Ìbọn kọ́ ló gbé eré yìí ró. Àgbàlagbà ló ń jókòó ti àgbàlagbà, tí ọ̀kan ń bi èkejì ní ìbéèrè, tí ìdáhùn sì ń falẹ̀ jáde. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìwòyí á ní ó ti lọ́ra jù. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ikú ọmọdé nìyẹn.

Landsberger, ará Ìwọ̀-Oòrùn kan, ló bí ọmọ tó kú. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ọmọ náà. Landsberger tún ní ọmọkùnrin mìíràn ní Leipzig, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Eva bí fún un, ara ìyẹn dá ṣáṣá. Ó bá Eva ṣe àdéhùn pé kí ọmọ tí ara rẹ̀ dá wá dàgbà ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ipò èyí tó ń kú lọ. Ohun tí Trimmel ṣe nígbà tó mọ gbogbo rẹ̀ tán, mi ò ní sọ, torí ẹni tí kò tíì wò ó.

Mi ò lè dá Landsberger láre. Ọmọ kì í ṣe owó tí èèyàn ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n Eva ni mò ń rò láti ìgbà yẹn. Ó mọ̀ pé bí ọmọ bá ti sọdá, ó di kí òun máa fi ojú inú wò ó. Lákòókò yẹn, ará Ìlà-Oòrùn tí kò bá tíì darúgbó kò lè ṣàdédé gbéra pé òun ń lọ kí ọmọ òun ní Ìwọ̀-Oòrùn. Mo bínú sí i. Mo sọ ọ́ sókè nínú yàrá, èmi nìkan, pé, "Ìwọ obìnrin yìí, báwo lo ṣe lè gbà?" Tóbi ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ti pé méje báyìí. Ti Eva, ọmọ ló lọ. Tèmi, èmi ni mo lọ. Mo wo bàtà orí tábìlì, mo sì dákẹ́.

Mo pe ilé.

"Àjọkẹ́, ṣé kò sí o? Òru ti ń lọ o."

"Kò sí nǹkan, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí Tóbi."

"Ó ti sùn tipẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn rí i bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tan iná fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fi ẹsẹ̀ ta aṣọ ìbora dànù bó ṣe máa ń ṣe. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí mà ti gùn ju èyí tí mo tọ fún ọ lọ́jọ́sí lọ." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un tọ láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, kí wọ́n di ọmọ-ìka yẹn mú dáadáa. Rìsíìtì ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, màá lọ fi pààrọ̀ 32.