Owó ni mo san kí omi lè gbá mi ṣubú

"Ṣé ohun tí ò ń sọ fún mi ni pé o wọ bàlúù kúrò l'Ábújá, o dé ìlú òyìnbó, o wá lọ san owó kí omi lè máa gbá ẹ ṣubú?" Ohun tí màámi bi mí nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tí mo padà dé, a jókòó ní kíṣìnì nílé ní Kubwa, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n wo orúnkún mi tó bó, wọ́n wo fídíò tó wà lórí fóònù mi, wọ́n ní "kò burú", wọ́n bá padà sídìí ẹ̀wà wọn. Ẹni tó bá mọ màámi á mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní kò burú lóhùn yẹn, ó burú nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ara mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn ará ọ́fíìsì náà ò jẹ́ n sinmi, ẹnì kan tiẹ̀ ti sọ mí di Mammy Water.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kàwé ní Munich, nílẹ̀ Jámánì. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni mo lọ kí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ló mú mi lọ sí ọgbà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Englischer Garten, ó ní "Sister mi, ẹ wá wo nǹkan." A dúró sórí afárá, mo wolẹ̀, mo rí odò tóóró kan, Eisbach lorúkọ ẹ̀, omi ń tú jáde lábẹ́ afárá yẹn bí ẹni tí ajá ń lé, ìgbì kan wá wà láàárín ẹ̀ tó ga tó ìbàdí èèyàn, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, ojú kan náà ló wà. Àwọn ọ̀dọ́ tò sí etí odò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, pákó kálukú wà lábíyá ẹ̀, wọ́n ń fò sórí ìgbì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnì kan bá ṣubú omi á gbé e lọ, ẹni tó kàn á bọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń já ìlà, kò sẹ́ni tó ń pariwo pé òun lòún kọ́kọ́ dé. Èmi tí mò ń to ìlà epo ní Kubwa, ìlà yẹn gan-an ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kí n tó rí ìgbì.

Àti nǹkan bí ọdún 1970 sókè ni wọ́n ti ń surf níbẹ̀, ìyẹn kéèyàn dúró sórí pákó kó máa gun ìgbì, wọ́n ń jí i ṣe ni títí di 2010 tí ìlú wá gbà á láàyè. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń kọ́ ti ń kọ́ o. Omi ibẹ̀ tutù bíi ti fíríìjì, kò jìn, ó sì ń sáré. Lóṣù kẹrin ọdún 2025 yẹn kan náà, obìnrin kan tó ń surf níbẹ̀ lóru há sábẹ́ omi, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ibẹ̀ pa títí di oṣù kẹfà. Àbúrò mi sọ ìyẹn fún mi nígbà tí mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ó wá ní tó bá wù mí, ibì kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe irú ìgbì yẹn nínú adágún, kóòṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé gan-an ń kọ́ ọ. Èmi sì rèé, ọmọ Ọ̀ṣogbo tó dàgbà l'Ábújá, níbi tí omi tó pọ̀ jù tí mò ń rí kò ju Jabi Lake lọ. Ẹnu mi ló kó bá mi, mo ní "ká lọ."

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbì náà torí ó dùn mọ́ mi ju pé mo ṣubú lọ. Ẹ lọ tan ẹ̀rọ omi nínú sìnkì yín, ìyẹn tí omi bá ń yọ, tí kò bá yọ ẹ dúró de mai ruwa, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi kiri. Ibi tí omi ti kan sìnkì, ẹ máa rí i pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ yíká, ó fẹ́lẹ́ bíi báágì náílọ̀n, ó ń sáré, tó bá wá dé ibì kan ó máa ga sókè lójijì bí etí abọ́, lẹ́yìn ìyẹn kò sáré mọ́. Etí abọ́ yẹn ni ìgbì náà. Omi tó ń sáré lọ kan omi tó ń rìn jẹ́jẹ́, kò ráyè kọjá, ó gun orí ara ẹ̀. Ibi tá a lọ yẹn, pọ́ǹpù ńláńlá ló ń ti omi sókè, omi á yọ́ wálẹ̀ lórí ibi tó dagẹ̀rẹ̀, á kó sínú omi tó jìn, á ga, pọ́ǹpù á tún gbé omi yẹn kan náà padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń yí po. Ìgbì òkun yàtọ̀. Lókun, ìgbì ló ń rìn wá bá yín, omi ò bá a rìn lọ títí. Níbi yìí omi ló ń sá, ìgbì jókòó sójú kan. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀, owó tí mò ń fún mai ruwa lóṣooṣù ni mò ń rò.

Irú kejì tún wà o, èyí tí omi ẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an tí wọ́n ń tú sórí nǹkan tó rí bíi tìmùtìmù, FlowRider ni wọ́n ń pè é, Texas l'Ámẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún gbogbo èèyàn ní 1991, ó sì wà nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá tí àwọn olówó fi ń gbafẹ́. Pákó ti ìyẹn kò ní lẹbẹ lábẹ́. Ti omi jíjìn ni a lọ, pákó ẹ̀ ní lẹbẹ bíi ti ẹja, irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ sókun.

Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ díẹ̀, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ábújá ni mo ti kọ́ ọ láwọn ọjọ́ Sátidé láàárín àwọn ọmọ tí ò ju ọmọ pírámárì lọ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Aṣọ rọ́bà tí wọ́n fún mi, ó wọ ẹsẹ̀, ó wọ orúnkún, ó dé ibi ìdí, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo fà á, mo fò sókè, mo fi ara gbá ògiri, àbúrò mi wà níta ó ń béèrè pé "Sister mi, ṣé kò sí o?" Nígbà tí mo máa fi jáde mo ti làágùn bí ẹni tó gún iyán fún ogún èèyàn. Ó tún wá ku hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Mo ti lọ di irun tuntun ní Wuse Market nítorí ìrìn-àjò yìí, ó gùn dé ìdí, mo sì ká a jọ sókè orí bí osùká. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì jókòó sórí osùká yẹn bí ìdérí ìkòkò tí kì í ṣe tiẹ̀. Mo ní láti tú u, mo so ó mọ́ ìpàkọ́, ẹ̀yin obìnrin ẹ gbọ́ o, tí attachment bá mu omi tán, ẹrù ni.

Àwa mẹ́jọ la jọ wọlé, mẹ́ta nínú wa ò tíì tó ọmọ ọdún méjìlá. Kóòṣì wa, ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju méjìlélógún lọ, wá sẹ́yìn mi, ó kàn ṣàdédé tì mí gbẹ́. Tó bá jẹ́ ní Kubwa ni, mà á ti yíjú padà ká lọ yanjú ẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ tí mo máa kọ́kọ́ gbé síwájú ni. Ẹni tó bá gbé òsì síwájú ni regular, ẹni tó bá gbé ọ̀tún ni goofy. Goofy lèmi.

Etí adágún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á jókòó, á gbé pákó sórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ìdí pákó, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé e, á wá dìde sórí ìgbì. Irin gbọọrọ kan wà tí wọ́n nà sórí omi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á di ìyẹn mú títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi balẹ̀, á wá jù ú sílẹ̀. Mo di irin yẹn mú bí ẹni tó di ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì Nyanya mú laago méje àárọ̀. Gbogbo nǹkan dáa, mò ń rẹ́rìn-ín sí fóònù àbúrò mi. Kóòṣì ní kí n jù ú sílẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀.

N ò mọ ìgbà tí mo ṣubú. Mo kàn mọ̀ pé omi wà nímú mi, omi wà létí mi, ó gbé mi bí ewé tó já sí gọ́tà, ó lọ kó mi dà sẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí kò ti jìn, orúnkún mi ti ha nǹkan, mo fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọ́ jáde. Ọmọkùnrin tó kàn ti wà lórí ìgbì, kò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni mo sì ń gbà ṣubú nígbà mẹ́rin nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ló fà á. Tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, á fara sẹ́yìn, á fẹ́ jókòó, ó wá ṣe, tí ẹ bá ti fara sẹ́yìn lórí ìgbì yìí ìdí pákó á rì, omi á gbá a mú, á fà yín kúrò lórí ìgbì. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé kí n má fara sẹ́yìn mọ́, mo dà á bo iwájú, imú pákó kó sínú omi tó ń bọ̀, ó sọ mí sókè, ìyẹn ló burú jù. Kóòṣì ń sọ pé àárín, àárín, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, èmi ò mọ èyí tí wọ́n ń pè ní àárín.

Ibi tí mo jókòó sí tí mò ń fún irun mi gbẹ ni mai ruwa àdúgbò wa ti wá sí mi lọ́kàn. Ẹ ti wo bó ṣe ń to kẹ́ẹ̀gì sórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ rí? Ó máa kó díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, á fi ọwọ́ gbé igi kẹ̀kẹ́ náà wò, tó bá wúwo jù lọ́wọ́ ẹ̀ á ti kẹ́ẹ̀gì kan síwájú, tí igi náà bá ń fò sókè á fa kan padà, títí ẹrù yẹn fi máa jókòó sórí táyà gan-an, tí á wá máa fi ìka méjì tì í lọ lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni pé kò rù nǹkan kan. Àní mo dìde, mo ní èmi náà máa to ẹrù mi.

Ohun kejì tó kù ni ojú. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò látàárọ̀. Kóòṣì dúró sí òdìkejì, ó ní kí n wo òun, kí n má wo ilẹ̀ rárá. Mo di irin mú, mo to ẹrù mi, mo wo ojú ẹ̀, mo jù ú sílẹ̀.

Pákó náà ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ọ̀kadà tí wọ́n ti tan tí kò tíì lọ. Omi ń sáré bọ̀ wá bá mi, ó ń kọjá lábẹ́ mi, ariwo ẹ̀ gba gbogbo etí mi, ògiri tó wà níwájú mi wá dúró sójú kan. Mo rí i pé mò ń sáré, n ò sì lọ síbì kankan. Mo wo apá òsì díẹ̀, pákó yí sápá òsì díẹ̀, ó yà mí lẹ́nu débi pé mo wolẹ̀, ó parí. Àbúrò mi ká a nínú fídíò, ó ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni, mo ní kó tún un kà.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì sọ pé ṣebí wọ́n ń surf ní Tarkwa Bay l'Ékòó, kí ni mo wá lọ ń náwó yúrò fún. Òótọ́ ni, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ. Àmọ́ lókun ẹ máa fi ọwọ́ wa omi títí, ẹ máa dúró de ìgbì, ẹ máa mọ èwo lẹ fẹ́ bá lọ, gbogbo ìyẹn iṣẹ́ ni. Èyí tí mo lọ ò kọ́ mi ní ìkankan nínú ẹ̀, ìgbì ti wà ní ìjókòó ó ń dúró dè mí. Tẹ́ ẹ bá gbé mi sí Tarkwa Bay lónìí màá kàn dúró sórí iyanrìn jẹ ẹja yíyan ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ ṣubú nígbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan kó lè mọ ohun tó ń ṣe é, ìgbì ẹ̀rọ yẹn dáa. Lọ́jọ́ kejì itan mi ò gbé mi mọ́, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé àbúrò mi.

Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa parí, àbúrò mi fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí Wàtsáàpù pé ìgbì Eisbach ti lọ. Wọ́n dín omi odò kù kí wọ́n lè kó ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe, wọ́n dá omi padà, ìgbì ò jáde mọ́, omi kàn ń ru kùù kọjá ni. Ìgbì tí wọ́n ti ń gùn láti bí àádọ́ta ọdún, wọ́n ní ó jọ pé iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta tó kúrò nísàlẹ̀ ló mú un lọ.

Èmi ní tèmi, púlọ́ḿbà tó wá ṣe iṣẹ́ nílé wa fi páìpù kan tó nípọn sílẹ̀, mo wá pákó kan lé e lórí, mo ń dúró sórí ẹ̀ nínú kọ́ríìdọ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì. Sátidé tó kọjá màámi dúró ń wò mí, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kó o dànù ni. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, àwọn náà goofy, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Páìpù yí díẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó. Mo ní mà, ẹ má wolẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ máa wò. Wọ́n wò mí. Mo ní ṣé kí n fi yín sílẹ̀ báyìí?

"Dán an wò," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún ọwọ́ mi fún pọ̀.