Bàtà Ojúde Ọba
Ọjà Òkè-Àjẹ n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń bọ̀ báyìí, inú tó ti ń bí mi látàárọ̀ ti rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ti ra bàtà awọ tuntun tí màá wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba!

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan. Ẹ wọ ọ́ sẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tó bá tóbi jù ni kí ẹ rà á fún. Kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú.

Tó bá jẹ́ òkìríkà, ẹ ká àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Ọ̀kan ń dán gbinrin lónìí, bí mo ṣe ká a báyìí, ó là, ó ń rún wómúwómú bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Ọ̀rinrin ló ń ba irú àtẹ́lẹ̀ fóòmù bẹ́ẹ̀ jẹ́ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ràn án.