Ẹ Fi Ṣéńjì Mi Lé Mi Lọ́wọ́

Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ̀ pé oríṣi alátẹ méjì ló wà: èyí tó ń fi ṣéńjì lé èèyàn lọ́wọ́, àti èyí tó ń gbé e kalẹ̀. Màámi á rán mi ní tòmátì ní Erékèsán, Ọjà Ọba Àkúrẹ́. Ọmọ tó wà níwájú mi á nawọ́, wọ́n á kó owó rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Tó bá kàn mí, wọ́n á wo ọwọ́ mi tó ti bó, tó dúdú, tó ń ṣomi ní oríkèé, wọ́n á wá rọra fi náírà mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ata. "Mú un níbẹ̀, ọmọ mi." Wọn ò bú mi o. Ọmọ mi ni wọ́n ń pè mí.

Nílé, orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà kò lóǹkà. Màmá àgbà ní ifo ni. Aládùúgbò wa ní kúrúnà ni, ó sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá mi jókòó lórí ẹní kan náà. Ẹlòmíì ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí. Wọ́n gba ẹyin lẹ́nu mi, wọ́n gba edé, wọ́n gba ẹ̀pà. Ara ń yún mi, ẹyin sì tún ń wù mí jẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òróró àdúrà olóòórùn dídùn ni wọ́n ń dà sí mi lára, ó sì máa ń ta mí bí ata rodo. Wọ́n rí i pé mò ń fò sókè, wọ́n ní ẹ̀mí yẹn ló ń jáde.

Eczema ni. Kì í ràn, bá a tiẹ̀ jọ wẹ̀ nínú ike kan, bá a jọ wọ aṣọ kan. Awọ ara tiwa ló dà bí ògiri tí wọn ò rẹ́ dáadáa: omi inú ara ń jò jáde, ohun tó ń bí ara nínú ń gba ojú sísán wọlé, ara á wá dìde jà. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí pẹ̀lú ikọ́ fée. Ikọ́ fée ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti kékeré, inú ilé kan náà la jọ wà, kò sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀.

Mo wà ní girama nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta oògùn po ìpara kan fún Màámi. Lọ́jọ́ kẹta, ara mi ń dán. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń rà á, bó bá tán a tún ra òmíràn, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé steroid tó lágbára, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ara tó ń jà, ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi ti ń ká tín-ín-rín bíi bébà, ó sì ní ìlà tí kò kúrò títí dòní. N kò sọ pé steroid burú o. Mo ṣì ń lò ó. Ohun tí dókítà kọ́ mi nígbà tó yá ni pé ó ní èyí tó yẹ fún ojú, ó ní èyí tó yẹ fún ẹsẹ̀, ó sì ní ìwọ̀n: ìpara tó bá gùn láti ṣóńṣó ìka ìlábẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́ ti tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì pẹ̀lú ìka wọn. Ẹ̀kúnwọ́ ni àwa ń bù nílé wa ní Òkè Àró, ní Àkúrẹ́.

Lọ́dún 2014 mo lọ kàwé ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé òtútù á tù mí lára, nítorí ooru ló máa ń dá mi lóró nílé. Àṣé ọyẹ́ tiwọn gùn ju tiwa lọ. Afẹ́fẹ́ ìta gbẹ, ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà nínú ilé tún ń fa omi tó kù nínú ara èèyàn. Màámi fi ọṣẹ dúdú ránṣẹ́ sí mi, mo fi ìfẹ́ ilé wẹ̀ ẹ́ tán, ara mi là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. (Kí àwọn tó ń tà á má bínú sí mi: eérú inú ọṣẹ yẹn le jù fún awọ tó ti lanu. Òrí nìkan ni mo mú nínú ẹrù náà.)

Nọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ rí ń wá pupa lára mi. Kò rí pupa, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò le. Oru mẹ́ta ni mi ò tíì sùn nígbà yẹn. Lára dúdú, ó lè ṣú bí ìdí ìkòkò, ó lè ṣe eérú-eérú, ó lè yọ wínníwínní bí ara adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀; pupa lè má hàn rárá. Ó gbà mí ju ọdún méjì lọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara tó mọ ohun tó ń wò.

Dupilumab ló wá fún mi, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù lọ́dún 2017. Méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, èmi fúnra mi ni mo ń gún un sí itan. Bẹ́ẹ̀dì mi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀: mo jí lọ́jọ́ kan, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Ojú mi pọ́n, ó ń yún mi, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò wò ó sàn pátápátá. Àmọ́ mò ń sùn.

Ara ti dẹ̀, apá aṣọ mi kò kúrú. Oṣù keje, oòrùn ń ràn, apá gígùn ni. Ní ìlú òyìnbó, káàdì la fi ń kan ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ èèyàn; mo rò pé ìgboyà ni mo ní.

Oṣù Kejìlá tó kọjá, àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́. Mo gún abẹ́rẹ́ mi lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo wọ bàálù, mo sì fi ìrìn àjò náà mọ sí ọjọ́ méjìlá, kí oògùn tó ń gbé inú fíríìjì má baà gbára lé iná ilé wa. Ẹ̀yin náà mọ iná wa. Nígbà tí mo dé, Màámi ti gbé aṣọ ẹbí mi fún télọ̀, apá kúkúrú ló rán. Wọ́n ní àwọn ò rántí. Irọ́ ni, wọ́n rántí. Mo wọ̀ ọ́, wọ́n ya fọ́tò, àǹtí kan bi mí ohun tí mo fi ń pa ara, pé kí n bá òun wá díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìnáwó, mo lọ sí Erékèsán. Ọyẹ́ ti tún la oríkèé ìka mi. Ìyá tí mo ra tòmátì lọ́wọ́ wọn ka ṣéńjì mi, wọ́n gbé e sórí àtẹ. Ọwọ́ mi ṣì nà síwájú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ọwọ́ mi. "Iná ló jó ọ ni?"

"Rárá, mà. Eczema ni. Kì í ràn. Àtikékeré ni."

"O ti fi adí pa á?"

"Mo ti fi pa á, mà."

"Hùn." Wọ́n na ọwọ́ tiwọn sí mi, ata ti kùn ún láti ìka dé ọrùn ọwọ́. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣa ata. Mo rí i pé ọwọ́ ẹ bó. Ṣé kí n wá fi ata kùn ún fún ọ ni?"

Mo dúró sójú kan. Gbogbo àwọn tí mo ń ra tòmátì lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn ló ń ta ata. Mi ò lè sọ pé ata ló fà á lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo rántí ojú àwọn kan dáadáa. Àmọ́ àwọn yòókù ńkọ́?

"Ẹ fi lé mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ó ta mí dénú egungun. Mo wá ní kí wọ́n fi ènì sí i, nítorí tòmátì wọn ti wọ́n jù.