Òdòdó Ara Ọ̀pẹ
Lára ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ́kíìdì kan ti tanná, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè tó pọ́n, tó sì ní àmì tó-tò-tó bí ara ẹkùn. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní àfòmọ́, ṣùgbọ́n kì í mu oje igi. Omi òjò ni gbòǹgbò rẹ̀ ń fà bíi kànìnkànìn.

Irú ọ́kíìdì tó wà láyé lé ní 25,000. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Madagásíkà, tí omi dídùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ihò tó gùn tó nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà: ní 1862, Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, sọ pé àfòpiná tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n 1903 ni wọ́n tó fún àfòpiná náà lórúkọ.

Mo ti bẹ akọpẹ wa pé kí ó má ṣe fi àdá kan tiwa.