Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí ní jíìmù wa

Tí ẹ bá wọ jíìmù wa ní Bódìjà nírọ̀lẹ́, orí treadmill, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, lẹ ti máa bá èrò, àwọn míì á tún dúró sẹ́yìn tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n, àwọn kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣófo, àmọ́ ẹ̀rọ gbọọrọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Irin gígùn kan ni, ìjókòó kékeré ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ẹ̀, fáànù ńlá wà níwájú ẹ̀ nínú àgò dúdú, wọ́n wá fi ṣéènì so ọ̀pá ìdìmú kan mọ́ ọn. Rowing machine ni, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi. Táwẹ̀lì làwọn èèyàn ń fi kọ́ sí i lára.

Ẹ̀rù ẹ̀ bà mí gan-an. Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí apá wọn ki yẹn bá jókòó sí i, fáànù yẹn á máa ké hùùù, hùùù, gbogbo ilé á gbọ́, ọmọkùnrin náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tó bá fi máa dìde òógùn á ti bo gbogbo ara ẹ̀. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

NẸ́PÀ ló mú mi débẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, treadmill dúró gbagidi, wọn ò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa bá dúró tí a ń wojú ara wa, bí kóòṣì ṣe pè mí nìyẹn, ó ní, "Mummy, ẹ máa bọ̀ níbí, eléyìí ò bá NẸ́PÀ ṣe o." Òótọ́ ni. Bátìrì ló ń tan síkírínì ẹ̀, tí ẹ bá sì ti ń fà á, fáànù tó ń yí yẹn fúnra ẹ̀ á máa fún un lágbára. Ní ìlú tí a wà yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn?

Ohun tí kóòṣì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi bẹ́líìtì de ẹsẹ̀ mi mọ́ pátákó iwájú, ó ní kí n di ọ̀pá mú láì fún un pọ̀, kí n sún ìjókòó síwájú títí ojúgun mi á fi dúró ṣánṣán, kí n wá na ọwọ́ mi tán, kí n má fi ọwọ́ fa nǹkan kan rárá, ẹsẹ̀ nìkan ni kí n fi ti ara mi sẹ́yìn. Mo ti ẹsẹ̀, fáànù ké! Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan o. Ó yà mí lẹ́nu, torí ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè, ọwọ́ ló máa rò pé wọ́n fi ń ṣe é, ẹsẹ̀ sì ni iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi ẹ̀yìn kún un, pé tí ẹsẹ̀ bá ti fẹ́ nà tán kí n rọra fi ara sẹ́yìn díẹ̀, ìgbà yẹn ni ọwọ́ á wá fa ọ̀pá wá sí abẹ́ ọmú. Tí mo bá ń padà, ọwọ́ á kọ́kọ́ nà, ara á tẹ̀ síwájú, orúnkún á wá ká kẹ́yìn, torí tí orúnkún bá ti ká kí ọ̀pá tó kọjá lórí ẹ̀, ọwọ́ á máa gun òkè kọjá orúnkún, ṣéènì á sì máa lọ sókè sódò. Kóòṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń kà á bí orin, "ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ọwọ́! ọwọ́, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀!" títí ó fi wọ̀ mí lára. Tí títì bá gba sẹ́kọ́ǹdì kan, kí pípadà gba méjì. Ibi pípadà yẹn lẹ ti máa rí èémí mí.

Ẹ gbọ́, irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò fáànù yẹn, wọ́n kọ 1 dé 10 sí i, àwọn ọmọkùnrin á ti gbé e lọ sí 10 kí wọ́n tó jókòó. Irin yẹn ò fi bí agbára yín ṣe tó hàn o, atẹ́gùn tó ń wọlé sí fáànù ló ń ṣí tàbí tó ń dí. Lórí 10, bí ẹni ń wa ọkọ̀ tó kún fún ẹrù ló máa ń rí, ẹ̀yìn lẹ máa fi gbọ́ ọ. Láàárín 3 sí 5 ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn ní kí èèyàn máa lò, bí ẹ bá ṣe ti ẹsẹ̀ tó ni atẹ́gùn á ṣe bá yín jà tó.

Lórí síkírínì, nọ́ńbà méjì péré ni kóòṣì ní kí n máa wò. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí mò ń fà á láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní kó má kọjá 24. Ìkejì ni àsìkò tó máa gbà mí láti dé 500 mítà. Mò ń sáré fà á, ó ń lọ sí 30, 500 mítà ṣì wà ní 3:10. Kóòṣì ní kí n dín in kù sí 22, kí n ti ẹsẹ̀ dáadáa, ó bọ́ sí 2:50 lójú mi báyìí! Inú mi dùn débi pé mo kígbe, àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì bojú wẹ̀yìn.

Mo wá lọ wá ìtàn ẹ̀ kà. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń jẹ́ Dreissigacker, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, àjẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe láti 1976, ní 1981 ni wọ́n mú táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ṣe irú ẹ̀rọ yìí, torí àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi nílò ohun tí wọ́n máa fi gbára dì nígbà òtútù. Ọmọ Nàìjíríà náà sì ti wà níbi ìdíje wíwa ọkọ̀ ojú omi ní Olympics o, obìnrin ni wọ́n, Chierika Ukogu ní Rio ní 2016, Esther Toko ní Tokyo lẹ́yìn ẹ̀. Orí mi wú. Èkó tí omi yí ká, àwọn ọmọ Mákòkó tó ń tukọ̀ láti kékeré, ó yẹ ká ní jù bẹ́ẹ̀ lọ jàre.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú ṣe eré tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé wa, mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí pátákó, kò sí pé à ń gbá a mọ́lẹ̀ gbì gbì bíi ti treadmill, ìdí nìyẹn tí orúnkún mi fi gbà á. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ní tiẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi ti ń wá jókòó sí i báyìí, èmi ni mò ń ka "ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ọwọ́" fún wọn.

2000 mítà tí wọ́n ń wà ní Olympics ni mò ń lé báyìí. Ìṣẹ́jú 11 àti sẹ́kọ́ǹdì 20 ni mo fi ṣe é, mo fẹ́ kó wá sábẹ́ 11 kí ọdún tó parí. Kóòṣì ní ó ṣeé ṣe, tí mo bá ti lè jẹ́ kí ọwọ́ nà tán kí orúnkún tó ká nígbà tó bá ti rẹ̀ mí, nítorí 500 mítà tó kẹ́yìn ló ti máa ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.