Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Funfun Ni Tàgbà

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo jókòó láti ṣe àyẹ̀wò ọdún bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ Alhájì Onílé ló gba gbogbo ojú ìwé. Àbúrò mi bímọ, ẹ ti rí fọ́tò, a dúpẹ́. Owó oṣù tí wọ́n jẹ wá wọlé, a tún dúpẹ́. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo ṣe láti oṣù kejì dé ìkarùn-ún, àfi kí n lọ wo ìwé tí mo fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ohun tí mo rántí ni c6, ibi tí dúdú ń sún páwùn (ọmọ ogun kékeré) sí lórí ọpọ́n chess.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Alhájì, ọ̀ta dráàfù Òkè-Àdó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Tunde Onakoya, ọ̀ta chess ọmọ Nàìjíríà, jókòó sí Times Square ní New York tó ta chess fún wákàtí 60, Alhájì wò ó lórí fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó pa dráàfù tì, ó lọ ra ọpọ́n chess ní Dùgbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: "Funfun ni tàgbà." Ẹni tó bá fẹ́ bá a ta, dúdú ni yóò mú. Funfun ló sì ń kọ́kọ́ ta. e4 ni lójoojúmọ́ (lẹ́tà ni orúkọ ìlà tó lọ sókè, nọ́mbà ni ti ìlà tó dábùú, a sì ń kà á láti ọ̀dọ̀ funfun), kí o tó ṣẹ́jú, bíṣọ́ọ̀bù àti ayaba rẹ̀ ti ń kan ìlẹ̀kùn ọba rẹ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ohun tí dúdú lè fi dúró ṣinṣin, tí mo sì rí Caro-Kann, ọ̀nà ìgbèjà tí dúdú ń fi c6 bẹ̀rẹ̀. Horatio Caro àti Marcus Kann ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún 1886 ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Kann ti fi lu Mieses, ọ̀ta chess ará Jámánì, ní Hamburg ní 1885, kò ju ìgbésẹ̀ 24 lọ. Funfun sún e4, dúdú sún c6, àfi bíi pé dúdú kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí funfun bá sún d4, dúdú á sún d5, c6 sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ d5, páwùn ni yóò gbẹ̀san, ayaba kò ní tíì jáde nílé. Èyí tó wù mí jù ni pé ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù c8 ṣí sílẹ̀; ẹni tó bá fi e6 dá e4 lóhùn ti sé e mọ́lé nìyẹn. Ó wà lára ohun tí Botvinnik fi gba adé àgbáyé padà lọ́wọ́ Smyslov ní 1958. Ìtàn yẹn nìkan ni Alhájì fẹ́ràn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ c6, nítorí Botvinnik ló dàgbà jù.

Ẹbìtì pọ̀ níbẹ̀ o, dúdú ni wọ́n sì dẹ púpọ̀ nínú wọn dè. Èyí tó burú jù ni ti ayaba e2. Lẹ́yìn e4, c6, d4, d5, funfun gbé ẹṣin sí c3, dúdú jẹ e4, ẹṣin náà gbà á padà. Dúdú gbé ẹṣin kan sí d7, kó lè ti èkejì lẹ́yìn. Funfun wá rọra gbé ayaba sí e2. Ta ni yóò fura? Bùọ̀dá Fókánáísà kò fura. Ó gbé ẹṣin kejì sí f6, Alhájì gbé tirẹ̀ sí d6, ọba kú síbẹ̀, láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Páwùn e7 ló yẹ kó jẹ ẹṣin yẹn, ṣùgbọ́n bó bá kúrò níwájú ọba, ayaba e2 ti wọlé. Bùọ̀dá tẹjú mọ́ ọpọ́n títí oníbàárà rẹ̀ fi ń fọn fèrè mọ́tò ní títì.

Lẹ́yìn d5, bí funfun bá sún e5 dípò kó gbé ẹṣin sí c3, bíṣọ́ọ̀bù dúdú á jáde sí f5. Bí wọ́n bá sún h4 lẹ́yìn èyí, ẹ má sún e6 o. g4 ń bọ̀, bíṣọ́ọ̀bù á sá lọ sí e4, f3 á lé e sí g6, h5 á sì dé. Ó ti há nìyẹn. h5 ni kí dúdú fi dáhùn h4.

Alhájì kì í jẹ́ kí n gbàgbé Kasparov, ọ̀ta chess ará Rọ́ṣíà, pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, ó mú Caro-Kann lọ bá kọ̀ǹpútà Deep Blue, ó sún h6, ẹṣin kọ̀ǹpútà fò wọ e6, ó jẹ páwùn ibẹ̀. Kasparov túúbá lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 19. Alhájì á ní: "Ọ̀gá àgbáyé, Tíṣà! Pẹ̀lú c6 yín yìí kan náà!"

Oṣù kẹjọ ni mo wá rí tèmi gbà. Òjò ń rọ̀, a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Alhájì ń fi ọwọ́ òsì ka tẹ̀sùbáà. Lẹ́yìn e4, c6, d4, d5, ó sún f3 láti ti e4 lẹ́yìn. Mo jẹ e4, ó fi f gbà á padà, mo sún e5. Ẹṣin f3 ló yẹ kó gbé. Ó jẹ e5. Mo gbé ayaba sí h4: ọba! Tẹ̀sùbáà dúró. Ó na ìka sí páwùn g2, ó fẹ́ sún un sí g3, ojú rẹ̀ wá lọ sí e4, láti e4 ó lọ sí rúùkù tó wà ní h1, ó sì dá ìka padà. Ayaba mi á jẹ e4, á sì mú ọba àti rúùkù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Alhájà! Ẹ wá wo ohun tí Tíṣà ṣe fún mi nínú ilé mi!" Alhájà dáhùn láti ilé ìdáná: "Ṣé ó ti san owó ilé?"

Oṣù kẹwàá ni Alhájì lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti to gbogbo rẹ̀ sórí ọpọ́n, mo ti yí funfun sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, kí n tó gbọ́ igbe Alhájà. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé Alhájì kì í bá ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé ta. Ó ní ọkàn onígbèsè kì í balẹ̀, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun borí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń tètè san owó ilé tó tiwa ní gbogbo Òkè-Àdó.

Àwọn ọ̀ta dráàfù ayé àtijọ́ ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Bùọ̀dá Fókánáísà ní òun ni àgbà báyìí, funfun ti di tòun. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Èmi kò tíì lè mú funfun. Alhájà ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọpọ́n kúrò níbẹ̀, ó sì ń ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ ilé tó bá jókòó tì í. Kí Ọlọ́run bá wa dá Alhájà sí.

Ní ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, Panov ni mo fẹ́ kọ́ dunjú, ọ̀nà kan tí funfun fi ń kojú Caro-Kann: níbi tí funfun ti jẹ d5, tó tún sún c4, tí páwùn d4 rẹ̀ sì sábà máa ń dá wà láìní olùrànlọ́wọ́. Ọmọ ìsàlẹ̀ ilé ti ń fi dà mí láàmú. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé, ẹ yà. Dúdú wà fún ẹni tó bá fẹ́.